Kílọ́ọ̀ṣì Golf 3 tó ń yọ̀: bá a ṣe sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, bá a ṣe gé fúláíwíìlì, bá a ṣe dá gbogbo ẹ̀ padà

Mọ́tò náà ni Golf 3, ẹ́ńjìn 1.8 tó ń jẹ pẹtirólù, gíà ọlọ́wọ́ márùn-ún, gíábọ́ọ̀sì tí Volkswagen ń pè ní 020. Tòkunbọ̀ ni. Ohun tó ń ṣe ni pé tó bá ti kó èrò tó ń gun Òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ẹ́ńjìn á máa ké, ọwọ́ aago RPM (tó ń ka bí ẹ́ńjìn ṣe ń yí) á lọ sókè, mọ́tò fúnra ẹ̀ ò wá ní yára sí i, tó bá ṣe díẹ̀ òórùn iná á gba inú mọ́tò kan, èrò á máa wojú ara wọn. Ẹni tó bá ti wa gíà ọlọ́wọ́ pẹ́ mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìn mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ló ń yọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kọ gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀ torí kílọ́ọ̀ṣì Golf yìí ò jọ ti Corolla, kò jọ ti 504, òdìkejì ni wọ́n tò ó, ẹni tí ò bá ṣe é rí lè fi agídí ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀.

Kébù la kọ́kọ́ wò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kọ́kọ́ wo kébù kẹ́ ẹ tó náwó. Golf 3 tó ní 020 ò ní ọ́ìlì kílọ́ọ̀ṣì bíi ti àwọn mọ́tò tuntun, kébù ló ń lò, kébù náà sì máa ń fúnra ẹ̀ ṣàtúnṣe bí pléètì (àwo inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń fara mọ́ irin) ṣe ń jẹ. Tó bá ti di, kò ní lè tú ara ẹ̀ mọ́, á wá máa fa kílọ́ọ̀ṣì dání díẹ̀ nígbà gbogbo, mọ́tò á máa yọ̀, wọ́n á ní pléètì ti jẹ nígbà tó jẹ́ pé kébù lásán ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà bí ìgbà márùn-ún, kẹ́ ẹ wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ ti apá irin tí kébù so mọ́ lórí gíábọ́ọ̀sì sí òdìkejì ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ó yẹ kó rìn bíi 10 mm wọ́ọ́rọ́wọ́ láìjà. Tèmi rìn dáadáa. Ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn kébù.

Lẹ́yìn ìyẹn mo fa handbrake gan-in, mo wo iwájú mọ́tò bóyá ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, mo fi í sí gíà kẹrin, mo tẹná díẹ̀, mo tú ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá dáa, ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Tèmi ò kú o, ó ń ké lọ ni. Mo yáa pa á torí èèyàn kì í ṣe irú àyẹ̀wò yẹn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ńṣe lèèyàn ń jó ìwọ̀nba tó kù.

Kí n tó dé ibi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí 020 ṣe rí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà. Nínú mọ́tò tó pọ̀ jù, fúláíwíìlì (àwo irin ńlá eléyín) ni wọ́n dè mọ́ ìdí kíráńkì (ọ̀pá tí ẹ́ńjìn ń yí), pléètì tẹ̀ lé e, pírẹ́ṣọ̀ (irin onísípíríńgì tó ń fún pléètì) wá bò wọ́n, rílíìsì bíárìn sì wà nínú agogo gíábọ́ọ̀sì (ẹnu ẹ̀ tó fẹ̀ tó so mọ́ ẹ́ńjìn) níwájú pírẹ́ṣọ̀ tó ń tì í. Nínú 020, pírẹ́ṣọ̀ ni wọ́n dè mọ́ kíráńkì, pléètì tẹ̀ lé e, fúláíwíìlì ló kẹ́yìn, òun ló wá dé wọn mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Rílíìsì bíárìn ò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí gíábọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún ló wà, lápá táyà iwájú òsì, lábẹ́ fìlà kékeré kan. Téèyàn bá tẹ pẹ́dà, kébù á fa apá irin, apá irin á ti bíárìn, bíárìn á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba inú ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì kọjá látìbẹ̀rẹ̀ dópin (ihò ló wà nínú ṣáàfù yẹn), ọ̀pá náà á wá ti àwo kékeré kan tó wà láàárín pírẹ́ṣọ̀, pírẹ́ṣọ̀ á tú pléètì sílẹ̀. Tí bíárìn nìkan ló bá ń pariwo lórí Golf yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lọ́wọ́ yín. Táyà òsì ni wọ́n máa yọ, wọ́n á yọ fìlà yẹn, bíárìn á jáde níbẹ̀. Fìlà náà sábà máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá ń yọ ọ́, ẹ ra tuntun sílẹ̀.

Ọ̀gá tó bá mi ṣe é kọ́ṣẹ́ lórí Ìjàpá, àwọn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní Èkó lọ́dún 1975. Ó ní ti Ìjàpá, bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di ẹ́ńjìn mú, ẹ́ńjìn gan-an ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rí kílọ́ọ̀ṣì, èèyàn méjì á gbé e sílẹ̀ báyìí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń fà sí i.

Ọjọ́bọ̀. A tú u.

Orí bátìrì òdì la kọ́kọ́ yọ. A tú kébù kílọ́ọ̀ṣì, wáyà iná ẹ̀yìn, wáyà ibi tí aago sáré ti ń ka eré, àwọn ọ̀pá gíà (orí ẹ̀ roboto ni, ọ̀bẹ fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi tì í, ẹ má fi sípánà lù ú, ó máa ń ṣẹ́). Kíkì-sítátà náà jáde. A fi igi àti ṣéènì gbé ẹ́ńjìn dúró látòkè, torí téèyàn bá yọ síítì gíábọ́ọ̀sì lápá òsì, ẹ́ńjìn á fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Àwọn ṣáàfù táyà, bọ́ọ̀tì mẹ́fà mẹ́fà ló so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ gíábọ́ọ̀sì, orí wọn kì í ṣe ti sípánà lásán, ìràwọ̀ onígun méjìlá ni, 8 mm. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì àti pẹtirólù fọ ìdọ̀tí inú ihò wọn kẹ́ ẹ tó ki irin bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi òòlù lu irin náà wọlé dáadáa. Mo ti rí Golf tí wọ́n fi irin onígun mẹ́fà bá bọ́ọ̀tì yìí jà, gbogbo ẹ̀ di roboto, oníwẹ́dà ló wá gbà wọ́n.

Páànù kékeré kan wà lẹ́yìn ibi tí ṣáàfù ọ̀tún so mọ́, ó bo fúláíwíìlì díẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀, torí ẹ ó máa fa gíábọ́ọ̀sì títí, kò ní wá. Lẹ́yìn tá a yọ ìyẹn, a tú àwọn bọ́ọ̀tì agogo, ọ̀gá wà lábẹ́ pẹ̀lú jáàkì, èmi àti ọmọ iṣẹ́ ń mì í jẹ́jẹ́ látòkè, ó yọ kúrò lórí pín, ó bọ́ sílẹ̀.

Eruku dúdú ló kún inú agogo. Ọmọ iṣẹ́ ti sáré lọ mú họ́ọ̀sì kọmpúrẹ́sọ̀. Mo ní, "Rárá o, jọ̀ọ́, má fẹ́ ẹ." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bá a ṣe máa ń ṣe é nìyí." Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ pléètì àtijọ́ ni wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, nǹkan tó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, tó ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pléètì tòkunbọ̀ tí ò ní ìwé, ta ló fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n ṣe é? A fi aṣọ tútù nù ún, a sọ aṣọ náà sínú ọ̀rá, a dì í.

Ọ̀nà láti tú kílọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀: a ki irin éńgù kan sáàárín eyín fúláíwíìlì kó má baà yí, a tú àwọn bọ́ọ̀tì etí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lódìkejì, kí sípíríńgì pírẹ́ṣọ̀ má baà tẹ̀ ẹ́ sápá kan. Fúláíwíìlì àti pléètì jáde pa pọ̀, ẹ fọwọ́ gbá pléètì mú, á fẹ́ já bọ́. Mo ya fọ́tò ojú tí pléètì kọ síta, mo sì fi ìṣó samí sí ibi tí fúláíwíìlì àti pírẹ́ṣọ̀ ti pàdé. Fúláíwíìlì yìí ni àmì táímì ẹ́ńjìn wà lára ẹ̀, ihò kékeré tó ní ìdérí lórí gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń wò ó, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn dá a padà bákan ṣáá. Lẹ́yìn náà la yọ wáyà tó di àwo kékeré àárín mú, bọ́ọ̀tì kíráńkì fara hàn, a tú pírẹ́ṣọ̀.

Ohun tá a rí: pléètì ti jẹ dé orí ríbẹ́ẹ̀tì lápá kan. Tó bá ku 0.3 mm lórí ríbẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí wọ́n ti jù ú nù, tèmi ti kọjá ìyẹn, ríbẹ́ẹ̀tì ti fa ilà yípo sójú fúláíwíìlì. Àwọn ojú búlúù tún wà káàkiri lórí irin náà, ibi tó ti gbóná jù nìyẹn, ẹ̀rí Mọ́kọ́lá. Mo gbé rúlà irin lé ojú pírẹ́ṣọ̀, mo ki gééjì 0.2 mm sábẹ́ ẹ̀ láàárín, ó wọlé láìjà. Ó ti tẹ̀ sínú ju bó ṣe yẹ lọ. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ọ́ìlì tútù wà lára kásìn gíábọ́ọ̀sì nísàlẹ̀, síìlì kan ló ń jò nìyẹn.

Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Àbúrò, pléètì ló jẹ. Jẹ́ ká pààrọ̀ pléètì, ká fi sáńpépà na fúláíwíìlì, kó o máa lọ."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe látàárọ̀ yìí, ṣé ó wù yín ká tún un ṣe tórí síìlì olówó pọ́ọ́kú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Owó ẹ ni. Lọ ra gbogbo ẹ̀ wá."

Ọjọ́ Ẹtì. Gate.

Ọjà Àràròmí ní Agodi Gate ni mo lọ, mo kó pléètì àti pírẹ́ṣọ̀ àtijọ́ dání sínú àpò. Ẹ má fẹnu ra kílọ́ọ̀ṣì Golf. Golf 3 kan ń lo 190, òmíràn 200, òmíràn 210 mm, tèmi 210 ni, ọmọ ìtajà tó bá gbọ́ "Golf 3" lásán á kàn mú èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ gbé tuntun lé àtijọ́ lórí, kẹ́ ẹ wo ìbú ẹ̀, kẹ́ ẹ ka eyín àárín, kẹ́ ẹ wo gíga ihò àárín.

Wọ́n fi Bẹ́ljíọ̀mù hàn mí, pírẹ́ṣọ̀ àti pléètì tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó, owó ẹ̀ ò tó ìdajì. Èmi máa ń ra gíábọ́ọ̀sì Bẹ́ljíọ̀mù, mo máa ń ra ẹ́ńjìn, àní mo ra bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ pléètì kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń ra ní àlòkù, torí ohun téèyàn ń ra níbẹ̀ ni ìwọ̀nba tí ẹlòmíì ò tíì jẹ tán. Tuntun ni mo rà, pléètì, pírẹ́ṣọ̀, bíárìn pa pọ̀. Sachs àti LuK ni orúkọ tí gbogbo ọjà ń pè, ilé iṣẹ́ Jámánì ni méjèèjì, torí náà àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀ jù. Páálí lè rẹwà kó má jẹ́ nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń wò ni orí ríbẹ́ẹ̀tì, bóyá gbogbo ẹ̀ dọ́gba, mo máa ń wo àwọn ìka pírẹ́ṣọ̀ bóyá orí wọn wà lójú kan náà, mo máa ń wò ó bóyá nọ́mbà tó wà lára irin bá tara páálí mu. Ọ̀kan tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, nọ́mbà ara ẹ̀ ti di yíyún pẹ̀lú fáìlì. Mo dá a padà fún wọn, mi ò jà.

Mo tún ra bọ́ọ̀tì kíráńkì tuntun, bọ́ọ̀tì fúláíwíìlì tuntun, síìlì ẹ̀yìn kíráńkì (85 ní 105), síìlì ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì, síìlì kékeré àti búṣì ọ̀pá tó gba àárín ṣáàfù, fìlà ìdí gíábọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀tì kíráńkì, wọ́n ń nà nígbà tí wọ́n bá dè wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó tà á fún mi ní èmi lẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ òun lọ́dún yìí, ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa dẹ́rù bà wá.

Táńnà.

Òun ló ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Fúláíwíìlì 020 kì í ṣe àwo pẹrẹsẹ. Ojú méjì ló ní, ojú tí pléètì ń fara mọ́ nínú, àti etí tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè mọ́ pírẹ́ṣọ̀, méjèèjì ò sì sí ní gíga kan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn yẹn ló ń pinnu bí pírẹ́ṣọ̀ ṣe ń fún pléètì tó. Tí táńnà bá gé ojú inú nìkan, pléètì á jìnnà sí pírẹ́ṣọ̀, agbára tó fi ń fún un á dín kù, kílọ́ọ̀ṣì tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, wọ́n á ní pléètì tẹ́ ẹ rà ni ayédèrú. Iye tí wọ́n bá gé nínú, iye yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ gé létí.

Alhaji tó ni ilé táńnà ti dàgbà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ mo kí wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá mú fáníà kálípà, wọ́n wọn ìyàtọ̀ yẹn kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ rárá, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun. Wọ́n ní, "Ìwọ lo rò pé o mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. A ti ń gé ti Passat kí wọ́n tó bí yín." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Wọ́n gé ìdajì mílímítà nínú, ìdajì mílímítà létí, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó bá tara ògiri mu. Àwọn ojú búlúù lọ, àfi ọ̀kan tó kù bí òjìji, wọ́n ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, kò sí ibi tó sán níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti sán ni, wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ kàn án, kí n lọ ra òmíràn, irin tó bá fọ́ níbi tó ń yí lọ́nà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan ò ní béèrè pé ta ló jókòó níwájú.

Eyín fúláíwíìlì náà gba àtúnṣe. Ẹ́ńjìn onísìlíńdà mẹ́rin, tí wọ́n bá pa á, ojú méjì ló sábà máa ń dúró sí, ibi tí ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ti dá a dúró, ọ̀kan níbí, èkejì ní òdìkejì gan-an. Torí náà ojú méjì yẹn ni kíkì-sítátà ń gbá lójoojúmọ́, eyín ibẹ̀ á jẹ, ti ibòmíì á mú ṣaṣa. Ìyẹn ló fà á tó fi ń dún gírárárá láwọn àárọ̀ kan. Alhaji fi iná gáàsì yí òrùka eyín náà ká bó ṣe dọ́gba, ó tú, wọ́n lù ú kúrò, wọ́n yí i ní ìdá mẹ́rin àyíká, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ooru. Wọn ò jẹ́ kó pọ́n o, eyín tó bá pọ́n ti rọ̀ nìyẹn. Wọ́n sì rí i pé ojú tí wọ́n gé ní ṣọ́ńṣó kọ sí ibi tí kíkì-sítátà ti ń wọlé. Iṣẹ́ tó dùn ún wò ni, mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé owó ló mú mi wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Dídá a padà.

Síìlì kọ́kọ́. Ti ẹ̀yìn kíráńkì àtijọ́ ti le gbagidi, a fi tuntun sí i, a rọra fi igi lù ú wọlé kó má tẹ̀ sápá kan. Síìlì ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì náà, àti ti ọ̀pá àárín, torí ọ́ìlì tá a rí lábẹ́ yẹn, tí mo fi òórùn ẹ̀ mọ̀ pé ti gíà ni (ọ́ìlì gíà máa ń rùn bí imí ọjọ́), ibẹ̀ ló ti ń gbà. Mo yọ ọ̀pá náà, mo yí i lórí gíláàsì tábìlì, kò tẹ̀, mo fi gírísì díẹ̀ pa á. Gírísì díẹ̀ náà lọ sórí eyín ṣáàfù, díẹ̀ gan-an ni mo ní, èyí tó bá pọ̀ á fò lọ sórí pléètì.

Páànù fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́ tó wà láàárín ẹ́ńjìn àti gíábọ́ọ̀sì ti padà sáyè ẹ̀, ẹ fi sí i kẹ́ ẹ tó gbé pírẹ́ṣọ̀ lọ síbẹ̀. Pírẹ́ṣọ̀ lọ sórí kíráńkì pẹ̀lú bọ́ọ̀tì tuntun, a fi tọ́ọ̀kì-rẹ́ńṣì dè é, àwo kékeré àárín padà, wáyà ẹ̀ dì í mú. Mo fi bíréèkì kílínà nu ojú pírẹ́ṣọ̀ àti ojú fúláíwíìlì, torí irin tuntun máa ń ní ọ́ìlì ìpamọ́, ọwọ́ onígírísì ò sì gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ lọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú Omo.

Gbígbé pléètì sí àárín: kò sí bíárìn nínú kíráńkì tó máa darí ẹ̀, ihò àárín fúláíwíìlì la fi ń wò ó. Irinṣẹ́ ẹ̀ wà, a ò ní in, a de bọ́ọ̀tì fúláíwíìlì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí pléètì ṣì lè rìn, mo wá fi kálípà wọn àlàfo láti etí ihò fúláíwíìlì dé ihò àárín pléètì lọ́nà mẹ́rin, mo ń fi ìka sún un títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba. Ẹ ṣe sùúrù níbẹ̀, torí tí kò bá sí ní àárín, gíábọ́ọ̀sì ò ní wọlé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀tì fà á, ibẹ̀ ni kásìn ti ń sán. Lẹ́yìn náà mo dè é lódìkejì-lódìkejì dé 20 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn bí bọ́ọ̀tì ṣe le tó). Bọ́ọ̀tì kékeré ni wọ́n, ọ̀gá fẹ́ fi agbára ọwọ́ dè wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n.

Gíábọ́ọ̀sì gòkè, ó kọ́kọ́ ṣe agídí, ọmọ iṣẹ́ yí fúláíwíìlì ní ìka kan, ó wọ̀ ọ́ gbà. Bọ́ọ̀tì agogo ńlá 80 Nm, bọ́ọ̀tì ṣáàfù táyà 45. Kíkì-sítátà, wáyà, ọ̀pá gíà, kébù, gbogbo ẹ̀ padà, ìyẹn ò ní ìtàn. Ọ́ìlì gíà: lítà méjì, 80W, GL-4. Ẹ béèrè GL-4 gan-an, GL-5 táwọn míì máa ń dà sí i lè jẹ idẹ tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì, gíà á wá máa ṣòroó wọlé, kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á tún máa dá lẹ́bi.

A tẹ pẹ́dà títí kébù fi ṣàtúnṣe ara ẹ̀, a tan mọ́tò, kíkì-sítátà mú un lẹ́ẹ̀kan. Gíà ẹ̀yìn tí ìpariwo ẹ̀ máa ń ta gbogbo àdúgbò jí wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀gá wà á jáde, ó padà dé, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n gbé owó wá.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: fún nǹkan bíi 500 km àkọ́kọ́, mi ò ní fi ẹ́ńjìn ké kúrò lójú kan, mi ò ní fi kílọ́ọ̀ṣì gbé mọ́tò dúró lórí òkè nínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ, handbrake ni mò ń fà. Ojú irin tuntun àti ojú pléètì tuntun gbọ́dọ̀ mọ ara wọn jẹ́jẹ́. Pẹ́dà rọ̀ ju tàtijọ́ lọ, ibi tó ti ń mú sì sún mọ́ ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń ṣì í. Mo ti wo abẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ sí Ìwó tí mo bọ̀, ó gbẹ. Rọ́bà tó bo orí ṣáàfù ọ̀tún ti ya, gírísì ti ń ta jáde, ìyẹn di iṣẹ́ oṣù tó ń bọ̀.